Egungun inú dígí: kí ni àwọn Àgùdà ń fi rẹ́líìkì ẹni mímọ́ ṣe?

Ìyá oníàdìrẹ kan tí mo mọ̀ ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, bá wa wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí Mísà parí, Fadá gbé ohun kan jáde tó ń dán bíi wúrà, ó ní ẹsẹ̀ bíi ti ife, dígí róbótó kan sì wà láàárín rẹ̀. A tò. Ẹni tó bá kàn á lọ síwájú, á tẹrí ba, àwọn míì á fi ẹnu kan dígí náà. Ìyá náà tẹ̀lé mi. Nígbà tó kàn án, ó yọjú wo inú dígí, ó rí nǹkan funfun tíntín kan tí kò tó hóró ìrẹsì, ló bá fà sẹ́yìn. A ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tó ti sún mọ́ mi: "Bọ̀dá, ẹ má bínú o. Kí lẹ ní ó wà nínú ìyẹn?" Mo ní egungun ẹni mímọ́ ni. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Egungun ènìyàn? Nínú ilé Ọlọ́run?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn, torí kì í ṣe òun nìkan ló ń bèèrè rẹ̀. Ẹ̀rù tó bà á kì í sì í ṣe ẹ̀rù àìmọ̀kan. Níbi tí a ń gbé yìí, tí a máa ń gbọ́ lórí rédíò pé ọwọ́ tẹ àwọn kan pẹ̀lú ẹ̀yà ara òkú tí wọ́n fẹ́ fi ṣoògùn owó, ó yẹ kí ara ẹnikẹ́ni bù máṣọ tó bá gbọ́ pé egungun ènìyàn wà nílé ìsìn. Mo tilẹ̀ mọ ẹni tó ka ìwé ìkéde tí wọn ò fi àmì ohùn sí, tó rò pé egúngún ni ìjọ fẹ́ gbé jáde lọ́jọ́ Sunday. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká tú u síta díẹ̀díẹ̀.

Rẹ́líìkì ni àwa ọmọ ìjọ Kátólíìkì ń pè é. Látinú ọ̀rọ̀ Látìn kan, "reliquiae", ló ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju "ohun tó ṣẹ́kù" lọ. Ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ẹni tó bá Ọlọ́run rìn títí dójú ikú ni: egungun rẹ̀, irun rẹ̀, aṣọ tó wọ̀, ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn àgbà katikísì máa ń pín in sí. Èkíní ni ara ẹni mímọ́ náà fúnra rẹ̀, ì báà jẹ́ odindi, ì báà jẹ́ èérún. Èkejì ni ohun tó lò nígbà ayé rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ohun tí wọ́n fi kan èkíní, bí àpẹẹrẹ aṣọ péńpé tí wọ́n fi nu ibojì rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ẹni mímọ́ ní Róòmù gbé ìlànà tuntun jáde, ó sì pín in sí méjì péré: èyí tó tóbi, ìyẹn òkú náà lódindi, tàbí apá tó hàn gbangba lára rẹ̀, tàbí gbogbo eérú rẹ̀ bí wọ́n bá sun ún; àti èyí tó kéré, ìyẹn èérún ara àti àwọn ohun èlò. Èyí tí ìyá oníàdìrẹ rí lọ́jọ́ náà, èyí tó kéré ni.

Mo ti di irú rẹ̀ mú rí, ní yàrá tí Fadá ti ń múra fún Mísà. Ohun tó ń dán, tó ní ẹsẹ̀ yẹn, ilé lásán ni. Rẹ́líìkì gan-an wà nínú àpótí idẹ róbótó kan tí kò tóbi ju owó kọ́bọ̀ àtijọ́ lọ, tí wọ́n gbé há àárín rẹ̀. Wọ́n tẹ́ aṣọ àrán pupa sínú rẹ̀, èérún egungun náà lẹ̀ mọ́ àárín, tákàdá tóóró kan sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ ẹni mímọ́ náà sí ní Látìn, lẹ́tà rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbé e sún mọ́ fèrèsé kí n tó rí i kà. Bí wọ́n bá kọ "ex ossibus" síbẹ̀, láti ara egungun ni. Bó bá jẹ́ "ex indumentis", láti ara aṣọ ni. Nígbà tí mo yí i sẹ́yìn ni mo wá rí ohun tó jọ mí lójú jù: òwú pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi dì í bí àgbélébùú, ìda pupa tí wọ́n yọ́ sórí òwú náà, àti òǹtẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ìda nígbà tó ṣì gbóná. Kò sẹ́ni tó lè ṣí àpótí yẹn kí òwú má já, kí ìda má fọ́. Ìwé kan tún máa ń bá a rìn tó ní irú òǹtẹ̀ kan náà. Ó sọ orúkọ ẹni mímọ́ náà, ó sọ ibi ara tí wọ́n ti mú un, ó sọ ẹni tó fi jáde àti ọjọ́ tó fi jáde. Rẹ́líìkì tí kò bá níwèé, tàbí tí òǹtẹ̀ rẹ̀ ti fọ́, kò yẹ kí wọ́n gbé e síwájú ìjọ.

Mo tẹnu mọ́ òwú àti ìda yìí torí pé ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn sí ẹ̀rù oògùn owó wà. Ẹni tó ń ṣoògùn ń wá ẹ̀yà ara lóru, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ẹni tó ni ín, ó sì lè pa ènìyàn nítorí rẹ̀. Ẹni mímọ́ tí wọ́n mú egungun rẹ̀, ó ti kú ikú tirẹ̀, wọ́n ti sin ín, ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣí ibojì rẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù àdúgbò ni yóò bójú tó o, wọ́n ní láti gba àṣẹ Róòmù, wọ́n ní láti tẹ̀ lé òfin ìjọba ibẹ̀, kí ẹbí rẹ̀ sì fọwọ́ sí i bí òfin bá ní kí wọ́n fọwọ́ sí i. Àwọn oníṣègùn tó mọ̀ nípa òkú máa ń wà níbẹ̀, wọ́n á búra, wọ́n á sì kọ gbogbo ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Ní ti owó, òfin ìjọ, nọ́ńbà 1190, kò fi igbá kan bọ̀kan nínú: kò sí àyè kankan láti ta rẹ́líìkì mímọ́. Òfin kan náà ní rẹ́líìkì ńlá kò gbọdọ̀ kúrò níbi tó wà títí láé láìgba àṣẹ Póòpù. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá kọ̀wé sí yín lórí Facebook pé òun ní egungun ẹni mímọ́ tí òun fẹ́ tà, tó ní yóò ṣílẹ̀kùn ọlà fún yín, ẹ sá fún un.

Ìbéèrè kejì tí ìyá náà bi mí le ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Ẹ gbà pé ẹni rere ni. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò jẹ́ kó sùn?"

Ohun tí Ìjọ gbà gbọ́ nípa ara ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ara tí Ẹ̀mí Mímọ́ gbé inú rẹ̀, tí Ọlọ́run yóò sì jí dìde ní ọjọ́ ìkẹyìn, kì í ṣe èèpo ẹ̀wà tí a kàn ń dà nù. Àwọn Kristẹni àkọ́kọ́ mọ èyí dáadáa. Ní nǹkan bí ọdún 155, ní ìlú Símínà tó wà nílẹ̀ Tọ́kì òde òní, wọ́n pa Polycarp, bíṣọ́ọ̀bù arúgbó, wọ́n sì sun òkú rẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ kọ lẹ́tà nípa ikú rẹ̀, lẹ́tà náà sì wà títí dòní. Wọ́n ní àwọn ṣa egungun rẹ̀ jọ, tó níye lórí lójú àwọn ju òkúta iyebíye àti wúrà lọ, àwọn sì tẹ́ ẹ síbi tó yẹ, kí àwọn lè máa pàdé níbẹ̀ ní ọjọ́ àyájọ́ ikú rẹ̀. Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. Kò tíì sí ọba Kristẹni kankan nígbà náà, kò tíì sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá. Ohun táwọn kan ń sọ pé àwọn póòpù tó wá lẹ́yìn ló dá àṣà yìí sílẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo sọ èyí tán, ìyá oníàdìrẹ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní òun ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan tí ìyá òun fi pọn òun. Ó ti ṣá, etí rẹ̀ ti ya, ìsàlẹ̀ àpótí ló wà, òun kì í ró o, òun ò sì ní fún ẹnikẹ́ni láé. Òun tí aṣọ jẹ́ ọjà rẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́! Ó ní ọjọ́ tí ọkàn òun bá wúwo lòun máa ń yọ ọ́, tí òun á gbé e mọ́ imú. Mo bi í bóyá aṣọ yẹn ló ń bọ. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ìyá mi ni mo ń rántí."

Mo rò pé èdè wa ràn wá lọ́wọ́ níbí. A ní "bọ", a ní "sìn", a sì ní "bọ̀wọ̀ fún". Ẹni tó ń bọ nǹkan gbà pé agbára wà nínú rẹ̀, ó ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún Aláké ní ààfin Aké kò bọ Aláké, kò sì sọ ọ́ di Ọlọ́run. Àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn ní orúkọ Gíríìkì méjì tí wọ́n fi ń ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀: "latria", ìyẹn ìjọsìn tó jẹ́ ti Ọlọ́run nìkan, àti "dulia", ìyẹn ọ̀wọ̀ tí à ń fún àwọn ẹni mímọ́. Nígbà tí alùfáà kan tó ń jẹ́ Vigilantius bẹ̀rẹ̀ sí í bu ẹnu àtẹ́ lu rẹ́líìkì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún karùn-ún, Jerome, ẹni tó túmọ̀ Bíbélì sí Látìn, dá a lóhùn pé àwọn kì í sin rẹ́líìkì. Rẹ́líìkì àwọn ajẹ́rìíkú, ìyẹn àwọn tí wọ́n pa nítorí ìgbàgbọ́ wọn, ni àwọn ń bọlá fún, kí àwọn lè sin Ẹni tí wọ́n jẹ́rìí sí.

Ẹ lè fojú ara yín rí ìyàtọ̀ yìí nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa bí ẹ bá mọ ibi tí ẹ ó wò. Níwájú àpótí tí Ara Kristi wà, ìyẹn àkàrà Mísà tí a ti yà sí mímọ́, orúnkún la fi ń kanlẹ̀. Níwájú rẹ́líìkì, a máa ń tẹrí ba ni, Fadá sì lè fi tùràrí rú èéfín sí i. Bí wọ́n bá fẹ́ tẹ́ rẹ́líìkì sí pẹpẹ tuntun, abẹ́ pẹpẹ ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, wọn kì í gbé e sórí rẹ̀. Àyè Kristi ni orí pẹpẹ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní kò sí nínú Bíbélì. Ó wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ń kúrò ní Íjíbítì, Mósè gbé egungun Jósẹ́fù dání (Ẹ́kísódù 13:19). Nínú Ìwé Kejì Àwọn Ọba 13:21, àwọn tó ń sin òkú kan rí ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó ń bọ̀, wọ́n sáré ju òkú náà sínú ibojì Èlíṣà. Bó ṣe kan egungun wòlíì náà ló jí, ló dìde dúró. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 19:11-12 sọ pé wọ́n ń mú aṣọ tó ti kan ara Pọ́ọ̀lù lọ fún àwọn aláìsàn, àìsàn sì ń fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ ka ẹsẹ̀ yẹn o. Ó ní Ọlọ́run ló ń ṣe iṣẹ́ ìyanu ọ̀hún láti ọwọ́ Pọ́ọ̀lù. Aṣọ kò ṣe nǹkan kan. Ọlọ́run tó ń gba inú omi ṣiṣẹ́ níbi ìrìbọmi, tó ń gba inú òróró ṣiṣẹ́ lára aláìsàn, kò kọ̀ láti gba inú aṣọ ìránṣẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí wà. Àwọn kan nínú wa ń lo rẹ́líìkì bí ìfúnpá. Mo ti rí ẹni tó so ó mọ́ inú ọkọ̀ tó sì ń sáré àsápajúdé ní ọ̀nà Láfẹ́ńwá, bíi pé ẹni mímọ́ ló máa tẹ bíréékì fún un. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì pé òun fi í sábẹ́ ìrọ̀rí kí owó lè wọlé. Ìyẹn kì í ṣe ìsìn Kátólíìkì. Ìlànà ọdún 2017 yẹn sọ ọ́ ní gbangba pé kí a yàgò fún gbogbo ìgbàgbọ́ asán nínú rẹ̀. Àwọn tó ń ta ko wa kì í sì í ṣe aláìrídìí: ohun tí wọ́n rí lọ́wọ́ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ.

Ìtàn pàápàá kò mọ́ tónítóní. Láyé Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ọmọ Áfíríkà tó kú lọ́dún 430, àwọn ayédèrú ajẹ́jẹ̀ẹ́ (mọ́ńkì) ti ń kiri, wọ́n ń ta ẹ̀yà ara tí wọ́n ní ó jẹ́ ti ajẹ́rìíkú. Augustine fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fi kún un pé: "Bó bá tilẹ̀ jẹ́ ti ajẹ́rìíkú lóòótọ́." Lọ́dún 1087, àwọn atukọ̀ láti Bari lọ kó egungun Nicholas ẹni mímọ́ ní Myra, nílẹ̀ Tọ́kì òde òní, wọ́n gbé e wá sí Ítálì. Nígbà tí àwọn ajagun alágbèélébùú kó ìlú Constantinople (Istanbul òde òní) lọ́dún 1204, rẹ́líìkì wà lára ẹrù tí wọ́n jí. Lọ́dún 1543, Calvin, aṣáájú kan nínú àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì, fi wá ṣẹ̀sín pé bí wọ́n bá kó gbogbo igi tí wọ́n ń pè ní igi àgbélébùú Jésù jọ, yóò kún ọkọ̀ ojú omi. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì tó pé jọ sí ìlú Trent, nílẹ̀ Ítálì òde òní, dáhùn lọ́dún 1563: wọ́n ní ọ̀wọ̀ rẹ́líìkì tọ́, ṣùgbọ́n kí ìgbàgbọ́ asán àti èrè àbòsí kúrò nínú rẹ̀, kí wọ́n má sì gba rẹ́líìkì tuntun kankan láìjẹ́ pé bíṣọ́ọ̀bù yẹ̀ ẹ́ wò. Òwú pupa àti ìda tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ọgbọ́n tí ìyà kọ́ wa ni.

Kì í ṣe gbogbo ẹni rere ni a lè ṣe báyìí fún. Ní ìlú wa níbí, ta ni kò mọ ilé ìwòsàn Sacred Heart ní Láńtòrò? Fadá Coquard, òyìnbó ọmọ Faransé, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1895. Ó tọ́jú ọ̀pọ̀ adẹ́tẹ̀ àti aláìsàn ilẹ̀ Ẹ̀gbá, orúkọ rẹ̀ kò sì parẹ́. Ẹ lè dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí rẹ̀, ẹ sì lè gbàdúrà níbi ibojì rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìjọ kò tíì kéde rẹ̀ ní ẹni ìbùkún tàbí ní ẹni mímọ́, nítorí náà a kò lè gbé ohunkóhun tó jẹ́ tirẹ̀ síwájú ìjọ bí rẹ́líìkì. Ìwádìí ló kọ́kọ́ máa ń wáyé, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹni tí Nàìjíríà ní ni Cyprian Michael Iwene Tansi. Ọmọ Aguleri ni, ọdún 1903 ni wọ́n bí i. Ó di Fadá, ó wá lọ di ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ló kú sí ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 1964, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Lọ́dún 1986 wọ́n hú egungun rẹ̀, wọ́n gbé e wálé sí Onitsha. Ọmọbìnrin kan tí kókó ń dà láàmú nínú ikùn fọwọ́ kan pósí rẹ̀ níbi ìsìnkú náà, ó sì gbádùn. Lẹ́yìn ìwádìí, iṣẹ́ ìyanu yẹn ni Róòmù gbà, Póòpù John Paul Kejì fúnra rẹ̀ sì wá sí Onitsha ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1998 láti kéde rẹ̀ ní Ẹni Ìbùkún, ìyẹn ìpele tó ṣáájú ti ẹni mímọ́. Yorùbá kúkú mọ ohun tó ń jẹ́ kí a gbé òkú ẹni wálé láti ìdálẹ̀. Ìyẹn kò ṣàjèjì sí wa rárá.

Àwọn kan máa ń bi mí nípa òkú tí kò jẹrà. Òótọ́ ni pé a rí òmíràn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí ibojì Anthony ti Padua, ẹni mímọ́ oníwàásù nílẹ̀ Ítálì, lọ́dún 1263, ara rẹ̀ ti di erùpẹ̀ ṣùgbọ́n ahọ́n tó fi wàásù ṣì wà. Ó wà ní Padua títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àwòrán tàn yín. Ojú àti ọwọ́ Bernadette, ẹni mímọ́ obìnrin tí òkú rẹ̀ wà ní Nevers nílẹ̀ Faransé, ìda fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bò wọ́n. Àìjẹrà nìkan kò sì lè sọ ẹnikẹ́ni di ẹni mímọ́. Ìwà tó hù láyé ni wọ́n ń yẹ̀ wò.

Nípa pẹpẹ, ó kù díẹ̀. Nígbà tí Fadá bá dé ibi pẹpẹ tó sì fi ẹnu kò ó, Kristi ló ń kí, ṣùgbọ́n àṣà ìgbàanì ni pé kí rẹ́líìkì ajẹ́rìíkú wà lábẹ́ pẹpẹ náà, torí pé níbi ibojì wọn ni àwọn ará ìgbàanì ti ń ṣe Mísà. Ṣọ́ọ̀ṣì Peter ní Vatican, orí ibi tí wọ́n sin Peter sí ni wọ́n kọ́ ọ lé. Òfin ìjọ ní kí àṣà yìí má parẹ́. Síbẹ̀ ìlànà ìyàsímímọ́ pẹpẹ sọ ohun kan tó wù mí púpọ̀: ó sàn kí pẹpẹ má ní rẹ́líìkì rárá ju kí ó ní èyí tí òótọ́ rẹ̀ kò dá wa lójú.

Bí ẹ bá wá ń pín ẹrù bàbá àgbà yín tó jẹ́ Àgùdà, tí ẹ rí àpótí idẹ kékeré kan tí òwú pupa wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má jù ú nù, ẹ má sì bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ má ṣí i láti wo ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí bí òwú yẹn bá ti já, ẹ̀rí ti lọ nìyẹn. Ẹ wo àárín ìwé àdúrà rẹ̀ àti ìdí àpótí rẹ̀ bóyá ìwé olóǹtẹ̀ tó bá a wá wà níbẹ̀. Ẹ kó méjèèjì papọ̀, ẹ fi aṣọ mímọ́ wé wọn, kí ẹ gbé wọn lọ fún Fadá tó súnmọ́ yín. Òun ló mọ bí yóò ṣe fi tó bíṣọ́ọ̀bù létí.